Ohun tí wọ́n máa ń bi akápò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dídáwó àti kíkówójọ fún àjọ aláàánú kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe akápò fún àjọ aláàánú kékeré kan. A kò pọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù nínú wa, ibi tí a ń ràn lọ́wọ́ sì jìnnà gan-an sí ibi tí owó ti ń wá. Àwọn ìbéèrè yìí ni mo máa ń dáhùn léraléra, lórí fóònù, nínú lẹ́tà, nígbà mìíràn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìpàdé bá ti tú. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀.

Àjọ ńláńlá tó lórúkọ pọ̀. Kí ló dé tí màá fi kó owó mi fún kékeré?

Kì í ṣe dandan. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì tàbí tí omi bá gbé ìlú lọ, àjọ tó ní ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ òfuurufú àti dókítà tó ti wà ní sẹpẹ́ ni kí ẹ fún lówó. Àjọ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kò lè sáré débẹ̀. Bó bá sọ pé òun lè ṣe é, ẹ fura.

Iṣẹ́ tí kò lárìíwo ni ti kékeré: ilé ìwòsàn kan, ilé ẹ̀kọ́ kan, kànga kan, ọdún dé ọdún, láàárín àwọn ènìyàn tó mọ ara wọn lórúkọ. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ lónìí, a máa gbọ́ lọ́la, torí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní nọ́ńbà wa. Àwọn ńláńlá òní pàápàá ti rá kòrò rí kí wọ́n tó rìn. Ní 1942, ìgbìmọ̀ kékeré kan ní ìlú Oxford ni Oxfam jẹ́, tí wọ́n ń wá bí oúnjẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì tí ebi ogun ń pa. Ní 1919, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Eglantyne Jebb àti Dorothy Buxton, ló dá Save the Children sílẹ̀ ní London. Wọ́n mú Jebb lọ́dún náà torí pé ó ń pín ìwé ìléwọ́ ní Trafalgar Square nípa àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Austria. Ilé ẹjọ́ ní kó san owó ìtanràn £5. Agbẹjọ́rò ìjọba tó pè é lẹ́jọ́, Archibald Bodkin, fi £5 tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, owó yẹn ni wọ́n sì máa ń kà sí ọrẹ àkọ́kọ́ tí àjọ náà gbà. Mi ò tíì rí akápò tó gbọ́ ìtàn yìí tí kò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kíkéré kì í ṣe ìwà mímọ́ o. Mo ti rí àjọ kékeré tó jẹ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni alága, akọ̀wé àti akápò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń yẹ ìwé owó wò. Ẹ má wo bí àjọ ṣe tóbi tó. Ẹ wo ẹni tó wà lọ́hùn-ún, níbi tí owó ti ń di nǹkan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe jìbìtì?

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní England àti Wales, Charity Commission ní àkójọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. OSCR ló ń ṣe é ní Scotland, ACNC ní Australia, ní Canada sì rèé, àjọ tó ń gba owó orí ló ni àkójọ náà. Ní Amẹ́ríkà, IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, ló ń tọ́jú orúkọ àwọn àjọ aláàánú tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3), Form 990, ìyẹn ìròyìn owó tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún, sì wà fún gbogbo ayé láti kà. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kì í sábà ju $50,000 lọ́dún lè fi fọ́ọ̀mù pélébé kan ránṣẹ́ dípò rẹ̀, ẹ má retí àlàyé púpọ̀ nínú ìyẹn.

Ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn orúkọ tó jọ ti àjọ gidi. Ẹ wo bóyá ìwé ìṣirò owó wọn ń dé lásìkò. Bó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, akápò lè máa ṣàìsàn. Bó bá ń pẹ́ lọ́dọọdún, nǹkan wà níbẹ̀.

Àìforúkọsílẹ̀ nìkan kò sọ àjọ di olè. Ní England àti Wales, púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò tó £5,000 lọ́dún ni òfin kò fi dandan mú láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Commission. Ẹnu yín ni ẹ máa fi wádìí irú wọn. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ohun kékeré: kí lẹ rà kẹ́yìn, èló ni, ta ló rà á, ta ló gbà á? Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ máa rojọ́ débi tí ẹ máa fi bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan máa sá pa dà sórí ọ̀rọ̀ ńláńlá, ìrètí, ìyípadà, ọjọ́ iwájú, kò ní lè sọ iye tí páálí ṣọ́ọ̀kì kan jẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ san án sínú àkáǹtì ẹnì kan, tàbí kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn kí ẹ wá ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn, tàbí pé ọmọ kan máa kú bí ẹ kò bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ pa fóònù.

Ṣé gbogbo owó mi ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀?

Rárá. Báǹkì á yọ tirẹ̀, owó ìbánigbófò á lọ, ẹni tó ń yẹ ìwé wò kì í fìgbà gbogbo ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ tó bá sọ pé gbogbo rẹ̀ pátá ló ń débẹ̀, bóyá ẹnì kan ti bá wọn san owó ìṣàkóso lọ́tọ̀ ni, ó sì yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì ka ìwé owó ara wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo ìdá tí àjọ fi ṣe ìṣàkóso, tí wọ́n á sì fi í ṣèdájọ́. Ní 2013, GuideStar, Charity Navigator àti BBB Wise Giving Alliance kọ lẹ́tà sí àwọn olùdáwó ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n yé fi ìyẹn nìkan ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni láti máa tú àjọ aláàánú wò. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Àjọ tó kọ̀ láti san owó ọkọ̀ ẹni tó máa lọ wò ó bóyá kànga ṣì ń mú omi wá, ìwé rẹ̀ á mọ́ tóní. Kànga tó ti gbẹ kò sí nínú ìwé yẹn.

Ibo ni owó ti ń jò lójú ọ̀nà?

Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní èyí. Èmi ni mo fi í síbí, torí ó yẹ kí wọ́n máa béèrè rẹ̀.

Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì dé báǹkì nílẹ̀ òkèèrè kì í fò lọ bí ẹyẹ. SWIFT, tí àwọn báǹkì dá sílẹ̀ ní 1973, ìsọfúnni nìkan ló ń gbé. Owó gan-an ń kúrò nínú ìwé báǹkì kan bọ́ sínú ti òmíràn, bí àwọn méjèèjì kò bá sì ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á wá alárinà, nígbà mìíràn méjì. Alárinà kọ̀ọ̀kan lè bù nínú rẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù ìfowóránṣẹ́, ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta tó ń pinnu ẹni tó máa san án: OUR, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló máa san gbogbo rẹ̀, BEN, ẹni tó ń gbà á ló máa san án, SHA, àwọn méjèèjì á pín in. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, mo yan SHA láìwo ohun tó túmọ̀ sí. Owó tábìlì àti àga ilé ẹ̀kọ́ la fi ránṣẹ́, a sì ti ṣírò rẹ̀ débi pé kò sí àlékún kan níbẹ̀. Iye tó débẹ̀ kò pé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bẹ káfíńtà, káfíńtà gbà láti dúró, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí wọn kò fẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ń ráhùn. Ojú tì mí. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń béèrè iye tó wọlé gan-an lọ́hùn-ún, mi ò kí í wo iye tó jáde lọ́dọ̀ wa nìkan.

Ibòmíràn tó ń jò ni iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó. Ẹ máa rí ìpolówó tó ní ọ̀fẹ́ ni ìfowóránṣẹ́, àmọ́ tí ẹ bá fi iye tí wọ́n fún yín wé iye tí ọjà owó ń pè lọ́jọ́ náà, àlàfo tó wà láàárín ni owó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí àfojúsùn ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2015, wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, iye tí àwọn tó ṣí lọ sílẹ̀ òkèèrè ń san láti fowó ránṣẹ́ sílé kò gbọdọ̀ tó ìdá 3 nínú 100. Ọ̀nà púpọ̀ ló ṣì ga ju ìyẹn lọ dáadáa, ọ̀nà kan náà sì ni owó àjọ kékeré máa ń gbà.

Àwa ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún dípò oṣooṣù, torí iye kan náà ni báǹkì wa ń gbà yálà owó náà kéré tàbí ó pọ̀. A kì í sì í kó ti ọdún kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí owó ilẹ̀ náà bá ń já wálẹ̀, èyí tó jókòó sí báǹkì lọ́hùn-ún á máa yọ́ bí yìnyín.

Nígbà mìíràn báǹkì á dá owó dúró, á ní kí a mú ìwé yìí wá, kí a mú tọ̀hún wá. FATF, àjọ tí àwọn ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989 nítorí àwọn tó ń fọ owó ẹ̀gbin mọ́, ní ìmọ̀ràn kan tó dá lórí àwọn àjọ tí kì í ṣe fún èrè, ìyẹn nọ́ńbà 8, ẹ̀rù a sì máa ba báǹkì ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má bínú sí akápò yín. Ẹ má sì ṣe ronú pé kí ẹnì kan di owó náà sínú báàgì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gbé ju $10,000 kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní ẹnubodè European Union, láti €10,000 ni. Bí olè bá sì gbà á lójú ọ̀nà, ta ló fẹ́ kọ rìsíìtì?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí n fún yín, àbí lóṣooṣù?

Lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A kò lè gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ pẹ̀lú owó tó ya wọlé lẹ́ẹ̀kan tí a kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Àmọ́ ẹnì mẹ́wàá tó ń fún wa ní díẹ̀ lóṣooṣù, mo lè fi orúkọ wọn ṣèlérí.

Ẹ kàn ṣọ́ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ní Amẹ́ríkà, GoFundMe, ìkànnì tí wọ́n fi ń kówó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń yọ ìdá 2.9 nínú 100 àti 30 sẹ́ńtì lórí ọrẹ kọ̀ọ̀kan. Lórí $100, ó di $3.20, kò burú. Lórí $5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45 sẹ́ńtì, ìyẹn bí ìdá 9 nínú 100. Bí owó yín bá kéré, ẹ ní kí báǹkì yín máa fi í ránṣẹ́ tààrà lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, tàbí kí ẹ kó oṣù mẹ́ta pọ̀.

Ṣé mo lè ní iṣẹ́ kan pàtó ni kí wọ́n fi owó mi ṣe?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá sì ti gbà á lórí àdéhùn yẹn, a kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lẹ́yìn tí omi òkun ya lu àwọn ìlú etíkun Éṣíà ní ọjọ́ 26 oṣù December 2004, owó wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàánú débi pé, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà aláàánú, kéde pé èyí tí àwọn ti gbà fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti tó, ó sì bẹ àwọn olùdáwó pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ìyókù ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìgboyà. Àjọ kékeré tí wọ́n fún lówó òrùlé nígbà tó jẹ́ oògùn ló tán kò ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ nǹkan, ẹ dárúkọ rẹ̀ fẹ̀. Ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ má ní fèrèsé kíláàsì kejì.

Mo ní aṣọ, ìwé, oògùn àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí mi ò lò mọ́. Ṣé kí n dì wọ́n fún yín?

Ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù. Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí ẹni tó ti fọ aṣọ, tó lọ̀ ọ́, tó ká a, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

Ẹ wo ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ máa san owó ọkọ̀ ojú omi. Àwọn aṣọ́bodè lọ́hùn-ún lè gba owó lórí ohun tí ẹ pè ní ọ̀fẹ́. Bí ìwé kan bá ṣìṣe, ẹrù á dúró ní èbúté, èbúté á sì máa ka owó ìdúró lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ilẹ̀ á gbé e. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, aṣọ náà á ti wọ́n ju tuntun tí wọ́n ń tà ní ọjà ibẹ̀, télọ̀ tó ń gbé ládùúgbò náà á sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìríṣẹ́.

Ti oògùn le jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 1996: kí ó jẹ́ ohun tí àwọn tó máa gbà á béèrè fún, kí ó ṣì ku ọdún kan ó kéré tán kó tó kọjá àkókò nígbà tó bá débẹ̀, kí àkọlé rẹ̀ wà ní èdè tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ gbọ́, kí ó má sì jẹ́ èyí tí aláìsàn kan dá pa dà. Èyí tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín kò yege nínú ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà, tó jẹ́ fólítì 120, máa jóná lọ́jọ́ tí wọ́n bá kì í bọ iná 230, bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù.

Ìgbà kan wà tí ẹrù dára o: ohun kékeré tí kò sí lọ́jà ibẹ̀, tí ẹni tó máa lò ó dárúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, títí dé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan báyìí ti tún gbogbo ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ṣe fún ilé ìwòsàn wa. Ní ti ìyókù, ẹ tà wọ́n níbi tí ẹ wà, kí ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Oxfam tó wà ní Broad Street ní Oxford ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1940.

Ṣé owó orí mi máa dín kù?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti ń san án. Ní Britain, Gift Aid ti wà láti 1990: bí ẹ bá ń san owó orí tí ẹ sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀, àjọ náà lè gba pẹ́nsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ fún un lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀yin kò san kọ́bọ̀ kan sí i, àmọ́ owó orí tí ẹ san lọ́dún náà gbọ́dọ̀ tó iye tí wọ́n gbà. Bí kò bá tó, ẹ̀yin ni wọ́n máa béèrè ìyókù lọ́wọ́ yín. Kò kan tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì tí ẹ rà, kò sì kan owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ yín tí ẹ wá san ní orúkọ yín. Àjọ ní ọdún mẹ́rin láti béèrè fún un, torí náà ẹ lè buwọ́ lù ú nísinsìnyí fún owó tí ẹ ti fún wa kọjá. Akápò kankan kò ní bínú.

Ní Amẹ́ríkà, bí ọrẹ kan bá tó $250, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ náà. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí àjọ ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà dín owó orí kù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ sílẹ̀ nínú Amẹ́ríkà tó ń gba owó náà, tó sì ní àṣẹ tirẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ bá yín kówó jọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ akápò. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n nílò gan-an, èló sì ni, kí ẹ tó ta ìwé ìkésíni kankan. Ènìyàn máa ń dáwó fún ohun tó lè fojú inú rí. "Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́" kò ní ojú, kò ní imú. "Ó ku ibùsùn mẹ́rin" ní.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó háyà gbọ̀ngàn, ẹ kọ iye tí ẹ máa ná sílẹ̀. Mo ti wà níbi àsè ìkówójọ tó dùn, tí gbogbo wa jó, tí owó tó wọlé sì pọ̀. Nígbà tí a san gbọ̀ngàn, olóúnjẹ àti olórin tán, ohun tó kù kò ju èyí tí ẹni mẹ́ta lè mú jáde lápò. Ìrìn ẹsẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń dáwó lé lórí kì í náni ní nǹkan púpọ̀. Bàtà ti wà nílé.

Ẹ má ṣí ojú ewé ìkówójọ fún gbogbo ayé nígbà tó ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ pe ènìyàn mẹ́wàá tí kò lè kọ̀ fún yín, kí ẹ̀yin fúnra yín sì jẹ́ ẹni kìíní. Ẹni tó bá dé tó bá rí orúkọ mẹ́wàá á fẹ́ jẹ́ ìkọkànlá. Ẹni tó bá rí òdo á ní òun á pa dà wá. Ẹ máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ iye àti ọjọ́ tó máa parí. Iṣẹ́ tí ẹ bá jù sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tó ní igba ènìyàn, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ti gbọ́. Ẹ bi ibi iṣẹ́ yín pẹ̀lú bóyá wọ́n máa ń fi iye kan náà kún ohun tí òṣìṣẹ́ wọn bá kó jọ.

Ẹnì kan á sọ ìtàn Captain Tom Moore fún yín. Ní 2020, bàbá ẹni ọdún 99 yìí ní òun á rìn yí ọgbà òun ní Britain ká nígbà 100 kí òun tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. £1,000 ló ń wá fún àwọn àjọ tó ń ran NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, lọ́wọ́. Owó náà kọjá £32 mílíọ̀nù. Ìtàn dáadáa ni, àmọ́ àrá ni. A kì í jókòó ti ààrò ká máa retí àrá pé kó wá bá ni dáná.

Ọ̀rọ̀ òfin. Bí ẹ bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì fún ará ìta ṣáájú ọjọ́ náà ní Britain, òfin tẹ́tẹ́ ti 2005 ní kí àjọ náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tí ẹ tà tí ẹ sì fà níbi ayẹyẹ nìkan kì í sábà nílò rẹ̀. Gbígbé garawa owó dúró lójú pópó náà ń gba àṣẹ lọ́pọ̀ ibi. Ẹ béèrè níbi tí ẹ wà.

Owó ọwọ́: ènìyàn méjì ni kó kà á, níbẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báǹkì láìkọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ jọ olè. Ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè pè yín bẹ́ẹ̀.

Ojú ń tì mí láti tọrọ owó.

Èmi náà. Ẹ dá tiyín ṣáájú, kí ẹ lè sọ pé "mo ti ṣe tèmi". Kí ẹ sì jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀.

Kí ló dé tí ẹ kì í fi fọ́tò ọmọ tí ìyà ń jẹ hàn? Ṣebí ìyẹn ló ń mú owó wá?

Òun ló ń mú un wá, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ mú Jebb ní 1919 ní fọ́tò ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. A ti jiyàn lórí rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wa di òru, kò sì tíì tán. Ibi tí a dé ni pé a kò ní lo fọ́tò ọmọ kankan àfi tí òbí rẹ̀ bá gbà, ní èdè tó gbọ́, tó sì mọ̀ pé òun lè yí ọkàn pa dà. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ibi tó ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ lo fọ́tò náà gbọ́dọ̀ lè sọ pé bó bá jẹ́ ọmọ òun ni, òun á jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò obìnrin tó jókòó tó ń kọ ìwé owó ilé ìwòsàn kì í mú tó bẹ́ẹ̀ wá. A mọ̀. A ti gbà pé ìyókù máa bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ṣé mo lè lọ wo ibẹ̀ fúnra mi?

Bí wọ́n bá pè yín. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú yín ná, kí ẹ fi wé owó oṣù olùkọ́ kan níbẹ̀. Ní ti àwọn tó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ọmọ aláìlóbìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ni òbí wọn, ó kéré tán ọ̀kan, ṣì wà láàyè. Ibi tí àlejò olówó bá ti ń wọ́ wá, àwọn kan á máa wá ọmọ tí wọ́n máa fi kún ilé náà. Ẹ fi owó náà ran ìdílé tó fẹ́ tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ni kí n retí lẹ́yìn tí mo bá ti dáwó?

Rìsíìtì kíákíá, ọpẹ́ tó dárúkọ yín, àti ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Nínú ìròyìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí kò lọ dáadáa. Ìròyìn tí ohun gbogbo ti dára nínú rẹ̀, ẹni tó mọ ìwé kọ ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó débẹ̀.

Ẹ rántí PlayPump, ẹ̀rọ omi tí àwọn ọmọdé máa fi eré yíyí fà sókè. Ní 2006, wọ́n kéde $16.4 mílíọ̀nù fún un ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní 4,000 rẹ̀ máa wà nílẹ̀ Áfíríkà tó bá fi máa di 2010. Àwọn ọmọ kì í ṣeré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n wá ń yí i, ó sì le ju ẹ̀rọ afọwọ́fà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ lọ níbi púpọ̀. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Àmọ́ mo yìn wọ́n fún ohun kan: ní 2010, Case Foundation, tó wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀, kọ ọ́ síta pé kò rí bí àwọn ṣe rò. Àjọ kékeré tó lè kọ irú lẹ́tà yẹn sí yín, ẹ má fi í sílẹ̀.

Ṣé mo lè fi yín sínú ìwé ìhágún?

Ẹ lè ṣe é. Ẹ kọ orúkọ àjọ náà pé pérépéré pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó máa gbà á bí àjọ náà kò bá sí mọ́ lọ́jọ́ náà. Àjọ kékeré máa ń kú.

Bí mo bá fẹ́ dáwọ́ dúró ńkọ́?

Ẹ sọ fún báǹkì yín, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ní oṣù kan ṣáájú, torí owó oṣù nọ́ọ̀sì kan wà tí mo ti fi orúkọ yín ṣírò.